Ẹ tọ wáyà yín dé ìdí kí ẹ tó bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó kọ̀wé sí i. Ẹ̀sùn kan ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́: mo ti rí i lójú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn òǹkàwé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ nígboro Ìlọrin, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ọ̀gá ilé-ìwé ń sọ ọ́, alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ọ́, ìyá tó ń ta aṣọ òfì lórí Facebook ń sọ ọ́, gbogbo wọn ló sì gbà pé àwọn tó ń ta dátà ló ń yan àwọn jẹ. Iṣẹ́ títẹ́ wáyà kọ̀ǹpútà àti síso àwọn àpótí rẹ̀ pọ̀ ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju pé inú ilé àwọn tó ń pè mí ni mo ti máa ń bá àrùn náà, lọ́pọ̀ ìgbà jù lọ, tí àwọn tó ń ta dátà kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo ń gbèjà wọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn fáíbà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun já ní tòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láti inú yàrá rẹ̀ ní Tanke nínú Ìlọrin tí yóò mú íntánẹ́ẹ̀tì padà. Bí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà bá sì fi katakata wú okùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, a ó jókòó ni, a ó sì máa wojú ara wa. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó iye ọjọ́ tí a ń pariwo.

Ìdánwò ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí n kò lè pa mọ́ra mọ́. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ìjọba àpapọ̀ sì ti sọ pé ọ̀nà kan náà ni WAEC àti NECO yóò gbà. Nítorí náà, àwọn ilé-ìwé wa ní gúúsù Kwara ń sáré ra kọ̀ǹpútà, òmíràn pẹ̀lú owó tí àwọn òbí dá, òmíràn pẹ̀lú owó tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́. Wọn á ra kọ̀ǹpútà ogójì, wọn á to tábìlì, wọn á kun ògiri, wọn á wá fi owó tó ṣẹ́ kù, tí kì í tó nǹkan, pe ẹnì kan pé kó wá “fi Wi-Fi sí i”. Wọ́n gbàgbé pé ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò, inú yàrá kan náà ni sáfà tó ń pín ìbéèrè fún àwọn ọmọ máa ń wà, tó fi jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ń fà, a lè má tíì kúrò láàárín ògiri mẹ́rin kí a tó rí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ilé-ìwé aládàáni kan, tí n kò ní dárúkọ òun tàbí ìlú rẹ̀, pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò àṣedánrawò. Wọ́n ti ra dátà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti pa ráútà, ìyẹn àpótí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, tí wọ́n tún tàn án débi pé ọwọ́ ń ro wọ́n. Nígbà tí mo wọlé, mi ò wo ráútà. Súwíìṣì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo lọ wò. (Kì í ṣe súwíìṣì iná o. Àpótí pẹlẹbẹ tó ní ihò mẹ́rìnlélógún lójú, tí gbogbo wáyà kọ̀ǹpútà yàrá náà ń wọ̀ sí, ni mò ń wí.) Bí ara súwíìṣì bá dá, olúkúlùkù iná wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú ní àkókò tirẹ̀, èyí yára, èkejì rọra, òmíràn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ti ọjọ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, wéréwéré, láìsinmi, bí ẹni pé onílù kan ṣoṣo ló ń lù fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo sì ń fi ọwọ́ tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan wáyà búlúù kúkúrú kan tí orí rẹ̀ kan wà nínú ihò keje, tí orí kejì sì wà nínú ihò kọkàndínlógún, lára súwíìṣì kan náà. Mo fa orí kan yọ. Kí n tó dìde tán, àwọn iná náà ti padà sí bí wọ́n ṣe máa ń ṣẹ́jú, àwọn ọmọ tó wà níwájú kọ̀ǹpútà sì ti ń pariwo pé ó ti ṣí.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà, alhaji àgbàlagbà kan, wò mí títí. Ó ní, “Ẹnjiníà, ṣé èyí náà ni?” Mo ní, “Èyí náà ni, sà.” Ó tún wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Èló wá ni owó iṣẹ́ yín báyìí?” Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe máa ń nira tó láti dáhùn.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Obìnrin tó ń gbá yàrá náà rí orí wáyà kan nílẹ̀ nígbà tó ń gbálẹ̀, ó rò pé ó bọ́ ni, ó sì bá wọn kì í bọ inú ihò tó ṣófo. Inú rere ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà máa ń kéde fún gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ó bá ń wá ẹ̀rọ kan tí ó sì ń béèrè pé ta ló ń jẹ́ báyìí, súwíìṣì a sì gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀, a rán an jáde láti gbogbo ihò yòókù. Nígbà tí wáyà kan bá wá ṣe òrùka lára súwíìṣì, ìkéde tó jáde ní ihò keje á wọlé padà ní ihò kọkàndínlógún, súwíìṣì á tún un kéde bí ohun tuntun, á sì máa yí po bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní sí àyè fún ọ̀rọ̀ gidi kankan. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Radia Perlman, ti wá ojútùú sí èyí láti ọdún 1985: ìlànà tí yóò jẹ́ kí àwọn àpótí náà mọ̀ pé òrùka wà, kí wọ́n sì dí ojú ọ̀nà kan fúnra wọn. Ó wà nínú àwọn súwíìṣì tí ènìyàn lè tò bí ó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà kò ní in. Ẹ wá rò ó wò: dátà ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi tọ́jú àìsàn yìí.

Ìdí tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fi ń wáyé ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fún gbogbo àpótí tó bá ní iná lójú. Ẹnì kan á pè é ní ráútà, ẹnì kan á pè é ní mọ́dẹ́mù, ọ̀pọ̀ jù lọ á kàn pè é ní Wi-Fi. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí àpótí kékeré tí a ń fi síìmù sí, tí ó wà ní ilé púpọ̀, kó iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ sínú ara kan: òun ni mọ́dẹ́mù tó ń yí ohùn tó gba òfuurufú wá padà sí èyí tí kọ̀ǹpútà lè gbọ́, òun ni ráútà, òun ni súwíìṣì kékeré, òun náà ló tún ń fọ́n Wi-Fi ká. Nínú ilé tí ènìyàn márùn-ún ń gbé, ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí kọ̀ǹpútà ogójì wà, àwọn iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ pínyà, àpótí kọ̀ọ̀kan á sì dúró síbi tirẹ̀. Ráútà ni onílẹ̀kùn agbo-ilé: òun ló dúró láàárín inú ilé àti ìta, òun ló ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní àdírẹ́sì, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, òun ló sì ń bá gbogbo wọn jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí àwọn ará ìta mọ̀. Súwíìṣì kì í bá ará ìta sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Àwọn tó wà nínú ilé ló mọ̀. Ó ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti iléeṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, ó sì mọ ihò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà, tó fi jẹ́ pé ẹni tí a fi iṣẹ́ rán an sí nìkan ló ń jẹ́ ẹ fún. Họ́ọ̀bù, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Bí akéde ni, ohun tó bá gbọ́ ló ń ké sí gbogbo ìlú, kí olúkúlùkù sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. A ṣì ń rí àlòkù họ́ọ̀bù ní ọjà, wọ́n á sì tà á bí súwíìṣì fún ẹni tí kò bá mọ̀.

Ìṣirò ihò náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kan fi ẹ̀rín sọ fún mi pé òun ti ra súwíìṣì oníhò 24 méjì, nítorí náà òun lè to kọ̀ǹpútà 48. Mo ní kí a jọ kà á. Wáyà tó so súwíìṣì méjèèjì pọ̀ á gba ihò kan lára ìkọ̀ọ̀kan, ráútà á gba ọ̀kan, sáfà á gba ọ̀kan: 44 ló kù. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ti di ohun ọ̀ṣọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé súwíìṣì tí agbára rẹ̀ kò ju 100 Mbps lọ (òun ni ìwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ń yára gba wáyà kọjá) ni ó rà, bẹ́ẹ̀ wáyà kan ṣoṣo tó lọ sí ìdí sáfà ni gbogbo àwọn ọmọ náà yóò jọ máa du. Ká ní oní-1000 ni ó rà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ìṣòro kan wà, iye tí owó wọn fi ju ara wọn lọ lójú ọjà kò sì tó owó dátà tó ti fi ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti wáyà. Agbo-ilé ahunṣọ ni wọ́n ti bí mi ní Ìlọrin, òfì ni bàbá mi hun títí ọjọ́ ogbó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí mi tí mo ń to wáyà sínú orí rẹ̀, wọ́n ní òwú lèmi náà ń hun, wọ́n sì jókòó tì mí láti wò ó. Òwú mẹ́jọ ló wà nínú wáyà náà, a lọ́ wọn ní méjìméjì: àwọ̀ ọsàn àti èkejì rẹ̀ funfun onílà ọsàn, àwọ̀ ewé àti èkejì rẹ̀, búlúù àti èkejì rẹ̀, búráùn àti èkejì rẹ̀. Lílọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí ariwo iná tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, tàbí ariwo òwú tó wà nítòsí, wọ inú ọ̀rọ̀ tí à ń gbé kọjá. Ẹni tó bá sì tú u gùn jù lẹ́nu kí ó tó kì í bọ orí rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún ariwo. Bí a ṣe ń tò ó ni pé kí funfun onílà ọsàn ṣáájú, kí ọsàn tẹ̀ lé e, kí funfun onílà ewé tẹ̀ lé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ewé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì wọlé. Búlúù ni yóò wọlé, lẹ́yìn náà funfun onílà búlúù, kí ewé tó wá dé sí ipò kẹfà, kí búráùn méjèèjì sì kádìí rẹ̀, èyí tó funfun onílà síwájú. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ á rò pé ó yẹ kí ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, á sì tò wọ́n ní méjìméjì bí ó ṣe wù ú. Ẹ̀rọ tí a fi ń dán wáyà wò á tan iná mẹ́jọ fún un, nítorí pé bákan náà ló ṣe orí méjèèjì. Kọ̀ǹpútà á sì sọ pé òun ti sopọ̀. Iṣẹ́ á kàn máa fà ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí, torí pé ipò kẹta àti ìkẹfà ni ẹ̀rọ ń lò bí ẹni méjì tí a lọ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó to wáyà náà ti ya tọkọtaya. Bàbá mi ló sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá to òwú bẹ́ẹ̀ lórí òfì, àwòrán aṣọ náà á dàrú, ojú kan la ó sì fi mọ̀. Ti wáyà kò ṣeé fi ojú mọ̀.

Ayédèrú wáyà tún wà. Bàbà ló yẹ kí òwú inú rẹ̀ jẹ́ látòkè délẹ̀. Èyí tó kún ọjà báyìí jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà tín-ín-rín bò lára. Ẹ mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi ha òwú kan díẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun bí ìkòkò alumíníọ̀mù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ẹ kò bá ní abẹ lọ́wọ́, ẹ gbé páálí náà wò. Páálí kan, tó máa ń jẹ́ mítà 305, máa ń wúwo bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ayédèrú fúyẹ́ lọ́wọ́. Ó tètè ń kán bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń dín iná kù lójú ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé kámẹ́rà tó ń gba iná láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa kú, á sì máa jí lóru. Mo mọ̀ pé owó ló ń sún àwọn ènìyàn sí i. Ṣùgbọ́n inú ògiri là ń tẹ́ wáyà sí, a sì ń rẹ́ ẹ mọ́ ibẹ̀. Bí súwíìṣì bá bàjẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún la fi ń pààrọ̀ rẹ̀, bí wáyà bá bàjẹ́, ògiri la ó fọ́.

Wáyà bàbà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ láti àpótí kan sí èkejì. Àwọn ilé-ìwé wa ní ìgbèríko ní ilẹ̀ tó fẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí a fa wáyà láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà dé yàrá kọ̀ǹpútà tó wà lódìkejì pápá, kí ó gba orí igi máńgòrò kọjá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú àrá, àrá sán nítòsí, kò kan ilé kankan, síbẹ̀ agbára rẹ̀ gba orí wáyà yẹn wọlé, ó sì sun súwíìṣì àti ojú ihò kọ̀ǹpútà méje. Láàárín ilé kan sí èkejì, fáíbà ló yẹ kí a lò, nítorí gíláàsì ni, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé, iná kì í gbà á kọjá, kò sì bẹ̀rù mítà 100. Àpótí kékeré kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yí ìmọ́lẹ̀ náà padà sí ohun tí wáyà bàbà mọ̀. Èèyàn máa ń rò pé fáíbà jẹ́ ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá nìkan, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ti Wi-Fi kò gùn lẹ́nu mi. Ògiri alámọ̀ àwọn agbo-ilé wa àtijọ́ nípọn, ilẹ̀kùn onírin àti táńkì omi náà sì máa ń gba ìgbì rẹ̀ mú. Nínú oríṣi ìgbì méjì tí Wi-Fi sábà ń lò, 2.4 GHz ló ń gba ògiri kọjá jù, 5 GHz yára jù ú lọ ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé àpótí náà sókè, sí àárín ilé, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ní Tanke, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fara kan ara wọn, ìgbì 2.4 gbogbo aládùúgbò ló ń kọlu ara wọn, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín wo èyí tó ṣófo nínú ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 àti 11. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà pé ó ń na Wi-Fi gùn sì wà, àwọn olówó pọ́ọ́kú inú rẹ̀ ń fi ẹnu kan náà gbọ́, wọ́n tún ń fi sọ, nítorí náà ìdajì ìyára lásán ni yóò kù. Wáyà kan tó lọ sí àpótí Wi-Fi kejì sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá ráútà wá padà. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba kámẹ́rà àti ráútà tó pọ̀ jọjọ káàkiri ayé, kò sì lo ọgbọ́n kankan ju pé ó ń gbìyànjú irú páásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ni àrùn wà tàbí ìta, kò nílò láti pè mí. Yàtọ̀ sí wáyà iná àti èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń bá wọlé, kí ó yọ gbogbo wáyà kúrò lára àpótí tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé, kí ó fi wáyà kan so kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo mọ́ ọn, kí ó sì lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá já fáfá, àwọn oníléeṣẹ́ dátà kò ṣẹ̀ ẹ́. Kí ó máa dá wáyà yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí kò bá já fáfá rárá, nígbà náà ni kí ó bínú, kí ó pè wọ́n, èmi náà á bá a bínú.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin, Olóòtú, ni pé kí ẹ fún wa ní àyè díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ ya àwòrán àwọn àpótí wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ orúkọ àti iṣẹ́ ìkọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, nítorí àwọn tó ń sanwó fún wọn ní àwọn ìlú wa ń ka ìwé ìròyìn yín. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé náà má sì san owó ìkẹyìn fún oníṣẹ́ tí kò bá fún wọn ní ìwé tó fi ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí wáyà àti lórí ihò. Ilé-ìwé tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lókè ti ní tiwọn báyìí. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló bẹ̀ mí fún un. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà, kí n sì fi téèpù pupa dí ihò tó ṣófo, kí òun lè mọ èyí tó bọ́ àti èyí tí kò ní wáyà tẹ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníṣẹ́ wáyà kan,
Tanke, Ìlọrin.